Èsì wa sí ẹni tó fún wa ní ìràwọ̀ 1 lórí láptọ́ọ̀pù tí kò tàn

Alàgbà, ẹ ṣé tẹ́ ẹ kọ̀wé. Ẹ ní a fi láptọ́ọ̀pù yín pamọ́ fún ọjọ́ 4 ní ṣọ́ọ̀bù wa n'Íkòròdú, a sì gba ₦18,000 lórí iṣẹ́ ìṣẹ́jú 10. Ìrù ọ̀rọ̀ lẹ dì mú, ẹ fi orí rẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ẹ sọ fún ọmọbìnrin tó ń gba iṣẹ́ níwájú pé ẹ ń ṣe update nílé, iná lọ, bátìrì ò gbé e, ló bá kú pátápátá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sì fọwọ́ sí i. Ìwé náà wà níwájú mi báyìí.

Kí ẹ̀yin tó ń ka èyí lè mọ̀: chip kékeré kan wà nínú láptọ́ọ̀pù tí à ń pè ní EC. Òun ló ń gbọ́ bọ́tìnnì tẹ́ ẹ fi ń tàn án, òun ló ń darí fáànù, kíbọọ̀dù àti bí bátìrì ṣe ń gba iná. Tí iná bá já nígbà tí wọ́n ń kọ firmware tuntun (ètò tó ń sọ ohun tí chip náà máa ṣe fún un) sí i, ẹ lè tẹ bọ́tìnnì títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní dáhùn.

EC tiyín, irú èyí tí wọ́n ń pè ní KB9012 ni. Inú ikùn rẹ̀ gan-an ni firmware wà, kì í ṣe inú chip ẹlẹ́sẹ̀ 8 tẹ́ ẹ rí tí wọ́n ń fi klíìpù há lórí YouTube. Ibi tí wáyà kíbọọ̀dù ń wọ̀ la gbà wọlé. Ọ̀gá àwọn ọmọọṣẹ́ mi jó wáyà tó tín-ín-rín bí irun mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mí díẹ̀díẹ̀ kọ́wọ́ ẹ̀ má baà gbọ̀n. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó ka ohun tó wà nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, méjèèjì ò bára mu, ló bá tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́rú la tó rí fáìlì firmware tó bá nọ́ńbà bọọ̀dù yín mu. A kì í ki ti ẹlòmíì bọ nǹkan oníbàárà. Ọjọ́bọ̀, iná kékeré ẹ̀gbẹ́ ihò ṣájà tàn, fáànù yí bìrí. Ojú yín ló ṣe.

Ẹ tún ní fáànù ń pariwo. Eruku ni. A fi hàn yín, ẹ ní ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ò lówó ìfọ̀ lọ́wọ́.

Ó dáa, ẹ gbé e wá, a ó fọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. ₦18,000 ò ní padà. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ṣájà tó jẹ́ ti láptọ́ọ̀pù náà dání. Èyí tẹ́ ẹ gbé wá lọ́jọ́ sí, ti ẹlòmíì ni.