Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn balùwẹ̀ ìyá ìyá mi

Òjò rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kí n tó yọjú lójú fèrèsé ni mo ti mọ̀ pé ẹnì kan ládùúgbò wa ti ṣí sọ́kawéè sínú gọ́tà. Òórùn yẹn kì í parọ́.

N kò bá onílé náà jà o, torí mo mọ ohun tójú ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ń rí. Orúkọ ìlú ti sọ ọ́. Ẹ gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, dígà ti kan àpáta. Àpáta kì í sì í mu omi, kòtò á kún kíá, òjò la wá ń fi ṣe ọkọ̀ agbégbin. Inú odò Ògùn ló ń gbẹ̀yìn sí, odò kan náà tí àwọn ará Èkó ń pọn mu.

Èrò ọkàn mi ni pé ká yéé wá ìsàlẹ̀ tí kò sí. Ká tẹ́ ọ̀nà omi ẹ̀gbin sókè, nítòsí ojú ilẹ̀.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ìyá ìyá mi gbìn síbi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn sí n'Ítòkò. Wọn ò bu ajílẹ̀ kankan sí i, ẹ̀yìnkùlé ò sì rùn rí. Mo rò pé nítorí dòdò ni, àfìgbà tí mo kà nípa Käthe Seidel, obìnrin ará Jámánì tó ti ń fi koríko etí odò fọ omi ẹ̀gbin láti bí ọdún 1950 sókè.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ẹ̀gbin á kọ́kọ́ wọ táńkì, kí èyí tó wúwo rọ̀ sísàlẹ̀. Omi orí rẹ̀ á wá ṣàn sínú kòtò gbọọrọ kan tí kò jìn ju itan lọ, tí wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sí nílẹ̀, tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ kún, tí wọ́n gbin koríko sí. Abẹ́ òkúta lomi ń gbà, ẹ̀fọn ò ríbi yé sí. Kì í ṣe koríko ló ń jẹ ẹ̀gbin náà gan-an o: àwọn kòkòrò àìfojúrí tó lẹ̀ mọ́ òkúta àti gbòǹgbò ni. Ooru sì máa ń mú wọn ṣiṣẹ́ kíá, a sì ní in ju Jámánì lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ ńkọ́? L'Ábẹ́òkúta!

Omi tó bá jáde kì í ṣe mímu. Ẹni tó bá sì ń da bílíìṣì sí ṣáláńgá lójoojúmọ́, àwọn kòkòrò náà ló ń pa. Ní Kolkata, ní Íńdíà, omi ẹ̀gbin ìlú ni wọ́n fi ń sin ẹja nínú adágún, ìlú sì ń jẹ ẹ́. Èmi ò tíì débẹ̀ yẹn.

Mo ti sọ ọ́ fún bíríkìlà mi l'Óbàntokò. Ó wò mí títí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ ṣọ̀gbìn lórí ìgbẹ́?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kó lọ ra òkúta wá.