Pé sọ́fítíwíà jẹ́ ọ̀fẹ́ ò ní kí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é má pawó

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Lánàá ni ẹ̀gbọ́n kan tún ń sọ fún àbúrò mi, tó fẹ́ fowó díẹ̀ ra ṣíà ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe irinṣẹ́ fáwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà, pé kó má dán an wò, pé open source, ìyẹn sọ́fítíwíà tẹ́nikẹ́ni lè gba kọ́ọ̀dù tí wọ́n fi kọ ọ́ kó sì lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, ti gbayé, ta ló máa sanwó fóhun tó lè rí lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo ìgbà lọ̀rọ̀ yìí ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn, wọn ò sì jókòó wò ó bóyá òótọ́ ni.

Ẹ wo ilé iṣẹ́ Red Hat. Linux, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ń tà, Linux tẹ́nikẹ́ni lè dáńlódù. Ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ o, ní 2004 làwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó kọ́ọ̀dù Red Hat gan-an, wọ́n ń tún un dì, wọ́n sọ ọ́ ní CentOS, wọ́n sì ń fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìkan náà. Tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yẹn bá jóòótọ́, ó yẹ kí Red Hat ti kógbá wọlé tipẹ́. Àmọ́ lọ́dún ìṣúná wọn tó parí ní 2012, owó tó wọlé fún wọn lé ní bílíọ̀nù 1 dọ́là, nígbà tó fi máa di 2018 ó ti tó bílíọ̀nù 2.9, IBM sì wá fi bílíọ̀nù 34 dọ́là rà wọ́n ní 2019, $190 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan. CentOS wà ńbẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn, lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí wá làwọn èèyàn ń sanwó fún? Èmi mọ̀, torí ojú mi ti rí i. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, èmi ni mò ń tọ́jú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ wa wà lórí ẹ̀, database ọ̀fẹ́, ìyẹn sọ́fítíwíà tá a fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wa, la sì ń lò, ọ̀gá wa máa ń yangàn pé kọ́bọ̀ ò jáde lọ́wọ́ òun. Ọjọ́ tá a fẹ́ sanwó oṣù ló dákú, kò dìde. Odindi ọjọ́ méjì ni mi ò sùn, mò ń ka ohun táwọn tí mi ò mọ̀ rí kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tí mo lè pè tó jẹ́ dandan fún un kó gbé fóònù, àwọn òṣìṣẹ́ wá ń wò mí bíi pé èmi ni mo jí owó wọn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọ̀gá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé kí n wá àwọn tá a máa máa sanwó fún lọ́dọọdún. Database kan náà ni o! A ò pààrọ̀ ẹ̀. Ẹni tó máa dáhùn lóru, tá a sì lè dì mú, lowó yẹn wà fún, báńkì tí ò lè dá iṣẹ́ dúró fún wákàtí kan sì nílò ẹ̀ jù wá lọ.

Bí ti ọ̀fẹ́ bá sì ṣe ń tàn tó, bẹ́ẹ̀ lọjà ń gbòòrò. Ẹni tó fi database ọ̀fẹ́ ti ilé iṣẹ́ MongoDB kọ́ṣẹ́ ló máa gbé e débi iṣẹ́, Atlas tí MongoDB fúnra wọn ń bá kọ́sítọ́mà tọ́jú ló sì ń mú èyí tó pọ̀ jù wọlé fún wọn báyìí.

Ó dáa, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń dáa, ẹni tó ra ṣíà HashiCorp, ilé iṣẹ́ sọ́fítíwíà míì, ní $80 nígbà tó dé ọjà ṣíà ní December 2021 mọ ohun tójú ẹ̀ rí, torí $35 péré ni IBM san lórí ṣíà ẹ̀. Lójú tèmi, iye tí wọ́n dá lé e lọ́jọ́ yẹn ló pọ̀ jù.

Mo ti ní kí àbúrò mi wá ìṣirò owó ilé iṣẹ́ tiẹ̀ yẹn jáde, kó wò ó bóyá àwọn tó sanwó lọ́dún tó kọjá ṣì ń san lọ́dún yìí, tí wọ́n sì ń san jù ti tẹ́lẹ̀. A jọ máa jókòó tì í ní Sátidé.