Sílíkọ́ọ̀nù Àtijọ́ Kọ̀ Kò Lọ, Tuntun Kọ̀ Kò Dúró

Ẹ̀yin ará, ó tún ti ṣí. Bí mo ṣe tẹ ẹsẹ̀ sínú ọpọ́n ìwẹ̀ láàárọ̀ yìí ni mo rí i pé sílíkọ́ọ̀nù, àtè tí a fi ń dí àlàfo àárín ọpọ́n àti ògiri kí omi má baà wọ ibẹ̀, èyí tí mo fi sí etí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ti ká sókè bí awọ tí ejò bọ́ sílẹ̀. Mo fi ìka méjì mú orí rẹ̀, mo fà á, ó sì tẹ̀lé mi láti igun dé igun láì bá mi jà rárá. Ọmọ ìyá kan náà sì ni òun àti ti àtijọ́ tí mo fi odidi ọjọ́ méjì bẹ̀ kí ó tó gbà láti lọ!

Ti àtijọ́ yẹn ti dúdú pátápátá, nítorí èébu ti wọ inú rẹ̀ lọ kọjá ibi tí kànìnkànìn lè dé. Mo fi abẹ là á lókè, mo là á nísàlẹ̀, mo rò pé yóò já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí ó ti máa ń já bọ́ fún àwọn tó ń ya fídíò, àwọn tí iṣẹ́ wọn kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, tí aṣọ funfun wọn kì í sì í dọ̀tí. Wínníwínní ni tèmi ń jáde. Mo kúnlẹ̀ lórí táìsì títí orúnkún mi fi bó, abẹ yọ̀, ó gé mi ní àtàǹpàkò, síbẹ̀ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan kù sára ọpọ́n, èyí tí ojú kò lè rí, àfi kí ọwọ́ kàn án kí ó máa yọ̀ bí ọ̀rá. Awọ yìí ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, nítorí sílíkọ́ọ̀nù tuntun kì í lẹ̀ mọ́ èyí tó ti gbẹ. Ó lẹ̀ mọ́ ìka mi, ó lẹ̀ mọ́ tówẹ́ẹ̀lì, ó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn àti irun apá mi, ṣùgbọ́n kò lè lẹ̀ mọ́ ẹbí ara rẹ̀!

Ìbọn tí a fi ń fún un ńkọ́? Mo dẹ ọwọ́ lára rẹ̀, kò dáwọ́ dúró, ó ń da itọ́ bí ọmọ tó ń hu eyín. Nígbà tí mo fi máa ṣí téèpù tí mo lẹ̀ kí ìlà rẹ̀ lè tọ́, ojú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì, ni téèpù bá fa etí rẹ̀ ya. Òórùn bíi ti fínígà gba gbogbo ilé. Omi kò sì gbọdọ̀ kàn án fún wákàtí 24, nínú ilé tí balùwẹ̀ kan ṣoṣo wà, tí gbogbo wa fi ń bọ́jú nínú abọ́. Ìgbà tí mo parí tán ni ojúlùmọ̀ mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé ṣe ni à á kọ́kọ́ pọn omi kún ọpọ́n, kí ìwúwo rẹ̀ lè ya àlàfo ibẹ̀ dé ibi tí yóò fẹ̀ dé, kí sílíkọ́ọ̀nù má baà fà ya nígbà tí ènìyàn bá wọ inú rẹ̀. Ẹ bá mi bi í pé níbo ni ó wà látàárọ̀! Ìdajì tó kù nínú ike ti le gbagidi mọ́ imú rẹ̀, kò wúlò fún nǹkan kan mọ́ àfi bí mo bá fẹ́ fi lu ẹnìkan.

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí àwọn tó ń ṣe é bu àgídí ti àtijọ́ sínú tuntun. Bí wọn kò bá lè ṣe é, kí ọ̀kan nínú wọn mú abẹ tirẹ̀ dání wá sílé mi lọ́la, kí ó wá kúnlẹ̀ síbí.