Ta Ló Yàn Mí Ní Agbẹnusọ NBA ní Ìjẹ̀bú-Òde?

Bí ẹnikẹ́ni bá tún dá mi dúró lọ́nà Òkè-Ajé láti bi mí pé ṣé Lakers, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ìlú Los Angeles, ti wọlé sí ìpele tó kẹ́yìn àbí wọn kò tíì wọlé, tí onítọ̀hún kò sì kọ́kọ́ kí mi pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́, àgọ́ ọlọ́pàá ni èmi àti rẹ̀ yóò ti parí ọ̀rọ̀ náà. Mo ti fara dà á títí, ó ti sú mi. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá jẹ́ pé òun nìkan ló ń wo NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní àdúgbò rẹ̀ kò nílò àlàyé, nítorí pé ohun tó ń ṣe mí ló ń ṣe òun náà. Láti oṣù kẹwàá tí sáà ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Àwa nìkan là ń jí ní aago kan òru, tí à ń dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù kí àwọn ará ilé má baà bú wa, tí a sì ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ pẹ̀lú ojú pípọ́n bíi ti ẹni tó ṣọ́ òkú mọ́jú. Ṣùgbọ́n bí oṣù kẹrin bá ti wọlé, tí eré tó kù fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ju mélòó kan lọ, gbogbo ìlú á rántí pé a wà láyé.

Ìbéèrè kọ́ ni mo kórìíra. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe; torí ìbéèrè ni wọ́n fi ń san owó oṣù fún mi, nígbà tí wọ́n bá rántí láti san án. Ẹni tó ń bèèrè tí kò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn ni mo kórìíra. Ẹ ó sọ fún un pé ẹgbẹ́ 30 ló wà nínú líìgì náà, 15 ní ìhà ìlà-oòrùn, 15 ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá eré 82, pé àwọn mẹ́fà tó ṣáájú ní ìhà kọ̀ọ̀kan ló ń wọ playoffs, ìyẹn ìpele tó kẹ́yìn tí wọ́n ti ń du ife-ẹ̀yẹ, tààrà, tí àwọn tó wà ní ipò keje títí dé ìkẹwàá yóò sì lọ du ààyè méjì tó kù nínú ohun tí wọ́n ń pè ní play-in. Kí ẹ tó dé ibi ipò keje, ojú rẹ̀ ti kúrò lára yín. ‘Ẹ sáà sọ fún mi, ṣé wọ́n ti wọlé?’ Bí ẹ bá ní wọn kò tíì wọlé, á ní ṣebí wọ́n borí lánàá. Bí ẹ bá ní wọ́n borí lóòótọ́ ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó wà lókè wọn náà borí, àti pé bí iye eré tí àwọn méjèèjì borí bá dọ́gba, ẹni tó na ẹnì kejì jù nígbà tí wọ́n pàdé ara wọn ni wọn yóò kọ́kọ́ wò, á mí kanlẹ̀, á ní ẹ̀yin tíṣà yìí fẹ́ràn láti máa sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá.

Fọkanáísà kan wà nítòsí Gáréèjì Ìbàdàn tó gbà tọkàntọkàn pé èmi ni mo dá play-in sílẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ẹni ipò keje á gbá pẹ̀lú ẹni ipò kẹjọ. Ẹni tó bá borí ti wọlé, ẹni tó bá pàdánù yóò dúró de ẹni tó bá borí láàárín ipò kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ó fi táyà mi sílẹ̀. ‘Tíṣà, ẹni tí wọ́n ti nà, kí ló tún ń dúró dè?’ Mo ní kó wo Miami Heat ní 2023: Atlanta nà wọ́n nílé wọn nínú play-in, wọ́n padà na Chicago, ipò kẹjọ ni wọ́n bá wọlé, wọ́n lé Milwaukee tó wà ní ipò kìíní dànù ní eré mẹ́rin sí ọ̀kan, wọ́n sì dé àṣekágbá kí Denver tó dá wọn dúró. Mo tilẹ̀ ní Bam Adebayo wà nínú ẹgbẹ́ náà, bóyá orúkọ yẹn á tù ú nínú. Ó ní irọ́ ni, pé ẹni tí wọ́n ti nà kì í dé àṣekágbá. Owó táyà tó gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà ju iye tí mo ń san tẹ́lẹ̀ lọ. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ owó ìtanràn irọ́ tí mo pa.

Mo gbójú fo ìyẹn. Èyí tí n kò lè gbójú fò ni ti ọjọ́ Àìkú tó parí sáà.

Ẹ mọ bí ọjọ́ yẹn ti ṣe pàtàkì tó. Ọjọ́ náà ni gbogbo ẹgbẹ́ 30 ń gbá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ní ọ̀sán ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó fi jẹ́ pé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ti ìhà ìlà-oòrùn ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, tí ti ìhà ìwọ̀-oòrùn á sì tẹ̀lé e ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Lẹ́yìn gbogbo oorun tí a ti pàdánù, ẹ̀ẹ̀kan yìí ni wọ́n rántí pé ènìyàn ni àwa náà. Láti òwúrọ̀ ni mo ti múra sílẹ̀. Mo ra epo sínú jẹnẹrétọ̀, nítorí pé àwọn oníná ti mú iná lọ láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ojú kò sì tì wọ́n láti fi bíìlì ránṣẹ́ sí wa ní Sátidé. Mo sanwó dátà, èyí tó ń tán kí ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Mo sọ fún ìyàwó mi pé bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè mi, kó ní mo lọ sí Ìkẹ́nnẹ́.

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ni Bàbá onílé wa kan ilẹ̀kùn. Ta ni yóò sọ fún onílé pé mo lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ wa ń pariwo nínú ọgbà? Bàbá wọlé, wọ́n jókòó sórí àga tí mo tò síwájú tẹlifíṣọ̀n fún ara mi, wọ́n ní, ‘Tíṣà, ọmọ wa ńkọ́?’ Mo mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Giannis Antetokounmpo, ìràwọ̀ agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ nì, ni. Bàbá ti gbọ́ níbì kan pé Adétòkunbọ̀ ni orúkọ ìdílé náà kí àwọn Gíríìkì tó kọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti sọ ọmọkùnrin yẹn di ọmọ Ìjẹ̀bú. Mo ní, ‘Bàbá, Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Igbo ni ìyá rẹ̀, ìlú Áténì ni wọ́n bí i sí ní 1994.’ Bàbá ní ẹni tó ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tó sì ṣọ́ owó lò, ibo ló tún kù tí yóò ti wá? Owó ilé ti fẹ́ tó san, n kò lè bá onílé jiyàn. Mo dákẹ́.

Ìbéèrè wá ń rọ́ lu ìbéèrè. Kí ló dé tí wọ́n fi ka mẹ́ta fún ẹni yìí, tí wọ́n ka méjì fún ẹni tọ̀hún? Kí ni olùdarí eré ń fọn fèrè sí? Kí ló dé tí ọmọ wa kì í gba ife-ẹ̀yẹ lọ́dọọdún, nígbà tó gbà á ní 2021? Mo dáhùn gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tilẹ̀ fi kún un pé àmì 50 ló jẹ nínú eré tí Milwaukee, ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà náà, fi gba ife náà. Bàbá ní kí n dákẹ́ ná, kí àwọn lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú tẹlifíṣọ̀n.

Ẹnu èyí ni a wà tí àbúrò ìyàwó mi fi pè láti Ṣágámù. ‘Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o, tíkẹ́ẹ̀tì mi fẹ́ gé.’ Ọmọkùnrin yìí kò wo eré kan ṣoṣo láti oṣù kẹwàá. Orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù nìkan ló mọ̀. Ó ti ta tẹ́tẹ́ pé ìràwọ̀ kan báyìí yóò jẹ àmì tó ju 25 lọ. Ìràwọ̀ náà wọlé, ó sáré díẹ̀, ó jẹ àmì mélòó kan, kóòṣì ní kó wá jókòó, ó gbé tówẹ́ẹ̀lì kọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ipò ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dájú ṣáájú ọjọ́ yẹn, kò sì sí kóòṣì tí orí rẹ̀ pé tí yóò fi orúnkún irú ẹni bẹ́ẹ̀ wewu lórí eré tí kò ní yí ohunkóhun padà. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni mo fi ṣàlàyé fún un. Ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ níbi ìsọmọlórúkọ pé ẹni yìí mọ bọ́ọ̀lù gbá?’ Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n gbá. Bó bá sùn, ó mọ̀ ọ́n gbá. Bó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó mọ̀ ọ́n gbá. Ṣé mo sọ fún ẹnikẹ́ni pé yóò gbá a tẹ́rùn lọ́jọ́ Àìkú?

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá kọjá, mo ti yí sí eré àwọn ẹgbẹ́ méjì kan tó ń du ipò kẹfà. Àmì wọn dọ́gba. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí eré parí. Bàbá ní, ‘Tíṣà, bá mi wò ó nínú fóònù rẹ, ọjọ́ wo ni ọmọ wa tún máa gbá?’ Mo ní kí Bàbá jọ̀wọ́ fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ní ìṣẹ́jú kí ni, ṣé nítorí pé àwọn kò kàwé tó mi ni? Mo gbé fóònù, mo tẹ orí ba, mo ń wá ohun tí wọ́n ní kí n wá, ariwo sì ta nínú tẹlifíṣọ̀n. Kí n tó gbé orí sókè, àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń dì mọ́ ara wọn. Bàbá pàtẹ́wọ́. ‘Ó wọlé!’ Mo ní, ‘Bàbá, ta ló jù ú?’ Wọ́n ní, ‘Ọ̀kan nínú wọn ni.’

Ọ̀kan nínú wọn! Gbogbo òru tí mo fi wo líìgì yìí láti oṣù kẹwàá, orí ‘ọ̀kan nínú wọn’ ló wá parí sí.

Bí ó bá mọ síbẹ̀, ǹ bá ti gbé e mì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá ìyàwó mi pè. Màmá kí mi dáadáa, wọ́n bèèrè àwọn ọmọ, wọ́n wá ní àwọn gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló ba owó ọmọ àwọn jẹ́, àti pé kí n jọ̀ọ́ wo bí mo ṣe lè fi ìdajì rẹ̀ dí i fún un. Ìdajì! Èmi tí n kì í ta tẹ́tẹ́! Ká ní ó jẹ owó náà ni, ṣé wọn ì bá pè mí wá gba ìdajì? Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó mi ti ń fún mi ní ìdáhùn ‘bẹ́ẹ̀ ni’ àti ‘bẹ́ẹ̀ kọ́’ nìkan.

Ẹ má sì rò pé àwọn tó ń bèèrè nìkan ni inú ń bí mi sí. Àwọn tó ń darí líìgì yìí ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kí ni ènìyàn fẹ́ wí fún ará ìlú nípa ìdíje tí àwọn kan nínú rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n na àwọn, kí wọ́n lè rí ọmọ tuntun gidi yàn nínú draft, ètò ìyan agbábọ́ọ̀lù tuntun tí àwọn ẹgbẹ́ tó burú jù ti máa ń ní àǹfààní jù láti kọ́kọ́ yàn? Ní 2019 wọ́n yí òfin padà, wọ́n ní ẹgbẹ́ mẹ́ta tó burú jù yóò ní ìpín 14 nínú 100 lọ́kọ̀ọ̀kan láti yan ẹni àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà máa sáré lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ṣé ìyẹn dí wọn lọ́wọ́? Ní oṣù kẹrin 2023, nígbà tí Dallas ṣì lè wọ play-in, wọ́n fi àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù wọn sínmi nínú eré wọn pẹ̀lú Chicago, líìgì sì bu owó ìtanràn 750,000 dọ́là lé wọn. Ẹ wá dúró ní Òkè-Ajé, kí ẹ ṣàlàyé fún oníṣòwò Ìjẹ̀bú pé ènìyàn ná irú owó bẹ́ẹ̀ kí ó lè pàdánù. Ní sáà yẹn kan náà, Mikal Bridges gbá eré 83 nínú líìgì tó ní eré 82, nítorí pé láàárín sáà ni Phoenix fi í ránṣẹ́ sí Brooklyn, eré tí ẹgbẹ́ méjèèjì ti gbá kò sì dọ́gba. Nínú èyí tó kẹ́yìn, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré ló lò kí ó tó jáde, kí wọ́n sáà lè kà á pé ó wà níbẹ̀. Mo sọ èyí ní yàrá àwọn olùkọ́, olùkọ́ ìṣirò wa sì bèèrè bóyá ara mi yá.

Aago wọn ńkọ́? Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, aago kan òru ni eré àkọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n á ṣàdédé yí aago tiwọn, á di aago méjìlá, àwa tí a kì í yí tiwa la ó sì di onírọ́ lójú ẹni tí a sọ aago kan fún.

Ohun tó tún ń dùn mí ni pé àwọn ìbéèrè tí mo lè dáhùn tayọ̀tayọ̀, kò sẹ́ni tó ń bi mí. Àwọn obìnrin Nàìjíríà tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, D'Tigress, gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025 láìsí ẹni tó já a gbà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì jẹ́ ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Òlíńpíìkì, ní Paris ní 2024. Ta ló kan ilẹ̀kùn mi nítorí wọn? Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ pàápàá, Remo Stars tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́ níbí gba líìgì Nàìjíríà ní sáà 2024 sí 2025, Lakers ni wọ́n ń bi mí. Irin agbọ̀n tó wà ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ wa ti já láti ìgbà pípẹ́, okùn ni àwọn ọmọ fi so ó. Nígbà tí mo gbé ìwé ọrẹ kiri, gbogbo àwọn olùbéèrè pàtàkì wọ̀nyí ni kò ní ṣéńjì lọ́wọ́.

Nítorí náà, mo ń fẹ́ kí ọ̀gá àgbà líìgì náà kó ẹrù rẹ̀ wá sí Ìjẹ̀bú-Òde ní gbogbo oṣù kẹrin, kí ó gba ṣọ́ọ̀bù kan, kí ó máa dáhùn ìbéèrè láti àárọ̀ di alẹ́, kí ó sì kọ́kọ́ lọ bá fọkanáísà yẹn. Kó mú ìdajì owó àbúrò ìyàwó mi dání. Kó tètè gbéra pẹ̀lú, nítorí pé òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́jú Ọjọ́rú ni play-in bẹ̀rẹ̀, Bàbá onílé sì ti ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó lọ́dọ̀ mi. Kó gbé àga tirẹ̀ wá.