Ìlà pupa inú rẹ́jístà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ fún mi pé owó oṣù nìkan ló ń jẹ́ kí tíṣà fiṣẹ́ ṣeré. Wọ́n tún wí i lórí rédíò láàárọ̀ yìí pé látìgbà tí owó oṣù tó kéré jù ti di ₦70,000 ní 2024, àwa tíṣà ò ní àwáwí mọ́. Mo pa rédíò náà ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, táyà ọ̀kadà tó gbé mi bẹ́ lọ́nà, mo fi ìṣẹ́jú 7 pẹ́. Ọ̀gá wa ti fa ìlà pupa sínú rẹ́jístà. Ìyẹn ò dùn mí, òfin lòfin ń jẹ́. Àmọ́ iwájú àwọn ọmọ JSS2 ni wọ́n ti pariwo mọ́ mi pé, "Ṣé báyìí lẹ ó ṣe máa jẹ owó ìjọba ní àjẹgbé?" Ọmọ kan rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan wá gba báàgì lọ́wọ́ mi, kò lè wo ojú mi.

Mo wọ kíláàsì, mo kọ nóòtì sí bọ́ọ̀dù, mo jókòó. N ò ṣàlàyé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ọdún 19 tí mo ti ń kọ́ni, n ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Owó oṣù mi ò sì dín ní kọ́bọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní 2016, ààbọ̀ owó oṣù ni wọ́n ń san fún wa. Ọ̀gá tá a ní nígbà yẹn, ààbọ̀ làwọn náà ń gbà. Bí ọmọ tíṣà bá ń ṣàìsàn, àwọn fúnra wọn ló máa wọ kíláàsì onítọ̀hún, ẹfun á kún apá aṣọ wọn. Aago mẹ́ta á lù, a ṣì ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe WAEC, ọ̀gá á ní kí wọ́n lọ ra búrẹ́dì àti àkàrà wá fún wa. Kò sẹ́ni tó fipá mú wa.

Nígbà tí òfin 2022 sún ìfẹ̀yìntì tíṣà láti ọdún 60 sí 65, mo jó. Ní báyìí, mò ń ka ọdún tó kù bí ẹlẹ́wọ̀n.

Mo sọ gbogbo èyí fún ìyàwó mi lálẹ́ àná. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Bàbá Tóbi, ẹ ò rò pé torí ẹ ṣiṣẹ́ kára tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rí i pé ààbọ̀ owó tó yín?"

N ò tíì rí èsì fún un.