Kí katakata tó wọ Gbágí

Ẹni tó bá rò pé ìwé ìjọba nìkan tó láti gba ilé àtijọ́ bíi ti Gbágí, àdúgbò ọjà n'Ìbàdàn, là, kó lọ sí Ìta Tinúbú l'Ékòó. Ilé tí a ń pè ní Ilojo Bar wà níbẹ̀ rí. Ìdílé Fernandez, àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé, ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 1855. Ọtí àti oúnjẹ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹbí Ojo-Olaiya rà á ní 1933. Ní 1956, ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Ìwé yẹn ò sọnù o. Katakata, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń wó ilé, ló dé lọ́jọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2016, ilé náà sì di òkìtì bíríkì.

A ò fi èyí bú ará Èkó. Ará Ìbàdàn wo ló lẹ́nu níbẹ̀? Lẹ́yìn tí rélùwéè dé ibí ní 1901 ni John Holt àti àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó mìíràn rọ́ wá sí Gbágí. Àwọn Kòráà, ará Lebanon, náà ṣí ṣọ́ọ̀bù, òpópónà wọn sì ń jẹ́ Lebanon Street títí dòní. Lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ òjò. Wàá rí aláṣọ tó ń sáré ká àńkárá kúrò níwájú ìsọ̀, torí páànù tó ti dípẹtà ń jò sórí ọjà. Gbé ojú sókè, wàá rí fèrèsé onígi tí kò ṣeé tì mọ́.

Ilé ẹbí ni púpọ̀ nínú wọn. Ọmọ ìyá kan fẹ́ tà, èkejì ní òun ò gbà, ẹ̀kẹta wà lókè òkun. Ta ni yóò wá ra páànù?

Ilé Kòkó n'Ìbàdàn níbí náà jóná ní 1985, ilé alájà 26 tí wọ́n kọ́ parí ní 1965. Wọ́n tún un ṣe, ó padà ṣí ní 1992. Odù'a, ilé-iṣẹ́ àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá, ló ni ín, ó sì lówó lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan á ní ilé amúnisìn ni, kó wó. Ṣùgbọ́n kòkó àgbẹ̀ wa ló sọ àwọn oníṣòwò yẹn di olówó!

Nítorí náà, kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kọ orúkọ àwọn ilé Gbágí sílẹ̀, kí wọ́n má sì tìtorí ìyẹn padà sí ọ́fíìsì wọn ní Agodi lọ sùn. Kí wọ́n dín owó orí ilé kù fún onílé tó bá tún òrùlé ṣe láìba ojú ilé jẹ́. Inú rẹ̀ lè di báǹkì tàbí búkà. Owó ibẹ̀ ni yóò máa ra páànù. Ẹni tó bá sì fẹ́ wó ilé, kí ìjọba lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ fún 90 ọjọ́, kí gbogbo ẹbí àti aládùúgbò rí i kà, kí ẹnikẹ́ni tó gbé katakata wọ Gbágí.