Oúnjẹ ni Lincoln fi ránṣẹ́

Àwọn kan ṣì ń gbè lẹ́yìn James Buchanan, ààrẹ Amẹ́ríkà ṣáájú Lincoln, pé àlàáfíà ló ń wá nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù fẹ́ yapa. A kò sí lára wọn.

Ní oṣù Kejìlá 1860, ó sọ fún ilé aṣòfin Amẹ́ríkà pé ìpínlẹ̀ kankan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yapa. Kò tíì gbẹ́nu kúrò ńbẹ̀ tó fi ní òfin kò fún ìjọba àpapọ̀ lágbára láti fi túláàsì dá èyí tó bá yapa dúró. Ẹ gbọ́ ná. Kí ni olè tún fẹ́ gbọ́?

Kí oṣù náà tó parí, South Carolina ti gba odi ológun ìjọba méjì, Fort Moultrie àti Castle Pinckney, àti ilé tí ìjọba ń kó ohun ìjà sí ní Charleston. Georgia kò tilẹ̀ dúró dìgbà tó máa yapa: ọjọ́ 3 oṣù Kìíní 1861 ló gba Fort Pulaski, ọjọ́ 19 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé òun ti lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Alabama ṣe gba Fort Morgan tó ń ṣọ́ ẹnu omi Mobile. Mobile yìí náà ni wọ́n kó èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún dé nínú ọkọ̀ Clotilda lọ́dún 1860, ọmọ Yorùbá sì wà nínú wọn. Torí kí wọ́n lè máa fi irú wọn ṣẹrú lọ ni gbogbo ariwo ìyapa náà.

Ta ló yẹ kó kígbe olè? Mínísítà ogun Buchanan ni, John Floyd, ọmọ Virginia ní gúúsù. Òun ló pàṣẹ lóṣù Kejìlá yẹn pé kí wọ́n kó àgbá láti Pittsburgh lọ sí gúúsù, sí odi tí wọn kò tíì kọ́ tán! Àwọn ará Pittsburgh ló fárígá tí àṣẹ náà fi wọmi. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Nígbà tí Buchanan wá rán ọkọ̀ Star of the West sí Fort Sumter, odi ìjọba àpapọ̀ tó wà lẹ́nu omi Charleston, àwọn ará South Carolina yìnbọn sí i, ó ṣẹ́rí padà, bàbá sì dákẹ́.

Lincoln gorí àléfà lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹta. Ó ní ohun tó jẹ́ ti ìjọba, òun ò ní jọ̀wọ́ rẹ̀. Oúnjẹ ń tán lọ ní Sumter, ó sì fi bí oṣù kan rò ó, èyí tó pẹ́ jù lójú tiwa. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe níkẹyìn la fara mọ́: ó ránṣẹ́ sí gómìnà South Carolina pé oúnjẹ nìkan lòun ń gbé bọ̀, bí wọn kò bá dí i lọ́wọ́, òun ò ní kó ọmọ ogun tàbí ìbọn wọbẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ni àwọn ọmọ ogun gúúsù ṣíná ìbọn bo Sumter.

Àwọn tó ń gbè lẹ́yìn gúúsù ní pàkúté ni Lincoln dẹ. Ó dáa. Major Anderson, ọ̀gá ọmọ ogun ìjọba tó wà nínú odi, ti sọ fún àwọn tó yìnbọn náà ṣáájú pé bí oúnjẹ tàbí àṣẹ mìíràn kò bá dé, òun á jáde lọ́sàn-án ọjọ́ 15. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọn kò lè dúró dè.